Ta Ló Ń Ta Òkun? Bí Ọ̀rọ̀ Etíkun Èkó Ṣe Jẹ́ Gan-an

Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìkìrun, wá kí wa l'Ékòó. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọn ò sì tíì fojú kan òkun rí. Ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kò ju méjì lọ: kí ẹsẹ̀ àwọn kan omi òkun, kí àwọn sì bu díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré lọ sílé. A se ìrẹsì, a dì í sínú kúlà, a wọ dánfó, a bọ́ sílẹ̀, a tún wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, ọmọkùnrin kan tó mú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì dání ní ká san owó orí wa níkọ̀ọ̀kan. A san. Ó ṣí kúlà wa wò, ó ní ti kúlà lọ́tọ̀. Màmá wò ó sùn-ùn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ń ta òkun?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, a ò ta òkun o. Ọ̀nà là ń tà."

Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ etíkun tó ọmọ yẹn. Tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀, àwọn kan á ní ti gbogbo ayé ni etíkun, Ọlọ́run ló dá a. Àwọn kan á ní irọ́ ni, ìdílé báyìí-báyìí ló ni ín, wọ́n níwèé. Àwọn kan á ní ti ìjọba ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu, torí pé ohun mẹ́ta tí òfin ń wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dì sínú àpò kan: iyanrìn gbígbẹ, iyanrìn tútù, àti omi fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rìn ín láti orí títì wọnú òkun.

Iyanrìn gbígbẹ ni ibi tí wọ́n ń ta kánópì sí, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń dúró sí, tí omi kì í dé àfi tí òkun bá ń bínú. Ilẹ̀ lásán ni lójú òfin, kò yàtọ̀ sí ilẹ̀ Ìkòròdú tàbí ti Agége. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́ pé kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí òfin yẹn tó dé, àwọn onílẹ̀ ti wà nílẹ̀. L'Ékòó, àwọn Ìdẹ̀jọ ni, àwọn olóyè onífìlà funfun tí ìtàn ka wọ́n sí ọmọ Olófin. Oníru wà lára wọn. Ìdílé Ẹlẹ́gùshì náà sì jẹ́ onílẹ̀ pàtàkì ní ìhà Ìkàtẹ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ etíkun tó wà lẹ́nu ọmọ Èkó jù fi jẹ́ orúkọ ìdílé. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé tàbí lọ́wọ́ ìjọba, tó ní C of O, ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀, lè mọ fẹ́ǹsì sí i kó sì fi géètì síbẹ̀. Géètì tí a bá lọ́jọ́ náà, orí ilẹ̀ gbígbẹ ló wà.

Iyanrìn tútù wá ńkọ́? Bíi wákàtí mẹ́fà ni omi fi ń kún wá, á tún fi bíi wákàtí mẹ́fà fà padà. Gbogbo ibi tó ń bò tó sì ń ṣí yẹn ni mò ń pè ní iyanrìn tútù. Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá sọ pé ti ọba ni. Kódà ẹjọ́ Èkó kan dé Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ yìí: ilé iṣẹ́ John Holt àtàwọn oníṣòwò mìíràn ti da ilẹ̀ kún etí ọ̀sà kí wọ́n lè ráyè kó ẹrù wọn sí. Ní 1915, ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ tó wà lọ́hùn-ún ní ti ọba ni ilẹ̀ tí wọ́n dà kún un náà, àmọ́ àwọn oníṣòwò náà ní ẹ̀tọ́ láti máa lò ó lọ. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2002, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà sọ ibi tí ilẹ̀ ìpínlẹ̀ etíkun parí sí: ibi tí omi bá fà dé nígbà tó bá fà jù lọ. Ẹjọ́ owó epo ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ fàájì kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé inú Ìpínlẹ̀ Èkó ni iyanrìn tútù Èkó ṣì wà.

Omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọ̀sà náà wọ̀ ọ́: òfin 1997 ló dá àjọ NIWA sílẹ̀ láti máa bójú tó omi abẹ́lé, ìjọba Èkó àti NIWA sì fa ọ̀rọ̀ ọ̀sà mọ́ra wọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dá NIWA láre ní oṣù kìíní 2024.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti dùn mí. Nínú gbogbo òfin tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí, kò sí èyí tó sọ pé ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti dé etíkun. Òfin Lílo Ilẹ̀ kò sọ ọ́, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò sọ ọ́. Òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ohun méjì ló fún ará ìlú níbi iyanrìn tútù àti omi: kó pẹja, kó sì wa ọkọ̀ kọjá. Ní 1821, ilé ẹjọ́ wọn lọ́hùn-ún ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀tọ́ kí èèyàn wọnú òkun lọ wẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, tí Màmá bá gbé àwọ̀n lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, wọn ì bá rí ẹjọ́ rò ju èyí tí wọ́n rí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti kúlà lọ.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Brazil, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1988 sọ ọ́ ní tààrà pé dúkìá gbogbo èèyàn ni etíkun, pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè dé ibẹ̀ àti inú òkun láti ìhà yòówù, àti pé wọn kò gbọdọ̀ gbà kí ilé kíkọ́ dí ọ̀nà náà. Ẹ lọ wo Salvador ní Bahia ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, ọjọ́ ọdún Yemọja. Àwọn èèyàn á tò lọ bí èèrà sí etíkun Rio Vermelho, òdòdó lọ́wọ́, lọ́fínńdà lọ́wọ́, dígí lọ́wọ́, wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, àwọn apẹja á sì gbé e lọ sáàárín òkun. Àwọn tí ìran wọn kúrò lọ́dọ̀ wa nínú ọkọ̀ ẹrú ló gbé Yemọja dé ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn kí wọ́n tó kí i. Èmi ò sọ pé Brazil ti gbọ́n tán o. Àwọn olówó ibẹ̀ náà ń mọ odi, ilé aṣòfin wọn sì ti gbé àbá tó dá ìjà sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹ̀bá òkun ní 2024. Àmọ́ tí olówó bá dí ọ̀nà, ará ìlú ní gbólóhùn kan tó lè fà yọ. Àwa ò ní.

Ọ̀nà méjì ló wà

Tí àwọn tó ń ya àwòrán ìlú bá ń sọ pé àwọn fẹ́ kí ará ìlú túbọ̀ máa rí etíkun lò, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń wá. Èkíní ni èyí tó sọ̀ kalẹ̀ láti títì dé omi. Èkejì ni èyí tó gba etí omi lọ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí èyí tó tó fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kìíní láìsí ìkejì, inú àpótí lẹ wà: ẹ dé omi, ẹ ò lè rìn. Ìkejì láìsí èkíní, iyanrìn gígùn tó rẹwà ni, àwọn tó ń gbé lẹ́yìn fẹ́ǹsì nìkan ló sì máa lò ó.

Lọ́jọ́ tí a lọ yẹn, lẹ́yìn tí Màmá ti bomi tán, wọ́n ní ká rìn díẹ̀. A bọ́ bàtà, a ń tẹ iyanrìn tútù, ọ̀rọ̀ Ìkìrun ń lọ lẹ́nu wọn. A ò rìn jìnnà tí a fi kan okùn kan tí wọ́n so mọ́ igi, igi kan lórí ilẹ̀, èkejì nínú omi. Báńsà kan dìde lórí àga ike, ó ní ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì wa dé nìyẹn, pé ẹni tó bá fẹ́ kọjá, tíkẹ́ẹ̀tì tọ̀hún wà ní géètì tọ̀hún. Àárín iyanrìn tútù ló fi okùn sí. Nígbà tí ìgbì bá dé, okùn náà á léfòó, á tún rọ̀ sílẹ̀.

Ìlànà kan wà tí ìjọba lè fi rí ọ̀nà kìíní láìfi agbára gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. California ló lò ó jù lẹ́yìn tí wọ́n ṣe òfin etíkun wọn ní 1976: ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé tàbí kó fẹ ilé rẹ̀ lójú òkun á tọrọ ìyọ̀ǹda, wọ́n á sì sọ fún un pé kó yọ̀ǹda ọ̀nà tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ fún ará ìlú. Àwọn kan gbà á, wọ́n wá gbé àtẹ pé "ẹ má páàkì síbí" dí i, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ọ̀nà kò sí. Ìjà ọ̀pọ̀ ọdún ni. Síbẹ̀ àwọn ọ̀nà náà ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbára láti fún èèyàn níyọ̀ǹda ilé kíkọ́ wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tiwa náà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ọ́ ní 2003, nínú ẹjọ́ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, pé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú. Ẹ́sítéètì tó tò láti Lẹ́kí dé Àjà kò níye. Ká ní wọ́n bèèrè ọ̀nà oníbùú mítà mẹ́ta péré lọ́wọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn nígbà tí wọ́n ń tọrọ ìyọ̀ǹda, ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti tán tipẹ́.

Ní 2024 wàhálà ọ̀tọ̀ dé. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ títì Èkó sí Calabar, kìlómítà 700, tó gba ẹ̀bá òkun. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ nǹkan ní Landmark Beach, etíkun fàájì kan l'Ékòó, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ àwọn dé mítà 250 láti etí omi. Àwọn tó ní dúkìá pariwo, àwọn agbẹjọ́rò jáde. Ohun tí mo ṣàkíyèsí nínú ariwo náà ni pé ẹni tó ń dáwó síta àti ẹni tó ń wólé nìkan ni wọ́n ń gbọ́hùn wọn. Ẹni tó ń rìn lọ síbẹ̀ tẹsẹ̀tẹsẹ̀ kò sí nínú ìjíròrò náà. Títì ńlá láàárín ilé àti òkun, tí kò bá ní afárá ẹlẹ́sẹ̀ lemọ́lemọ́, fẹ́ǹsì ló jẹ́, bí wọn ò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

A ti ṣe irú rẹ̀ rí, ní Màrínà. Àwọn àgbà Èkó ṣì ń sọ bí àwọn ṣe máa ń najú lábẹ́ igi létí ọ̀sà nírọ̀lẹ́, tí èèyàn á dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Kátídírà tí á máa wo ọkọ̀ ojú omi. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n da ilẹ̀ sínú ọ̀sà, wọ́n gbé títì ńlá gba orí rẹ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè dínkù. Títì náà wúlò, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n etí omi tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọlọ́rọ̀ àti mẹ̀kúnnù lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ṣe òdìkejì. Lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àtẹ ló wà lórí iyanrìn tó ń sọ àwọ̀ ẹni tó lè wẹ̀ níbẹ̀, títí di 1989 tí ìjọba kéde pé kí wọ́n ṣí etíkun fún gbogbo èèyàn. Nígbà tí wọ́n ń múra ife ẹ̀yẹ àgbáyé 2010, wọ́n fẹ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà létí òkun níbẹ̀, wọ́n sì mú un gùn sí i. Òkun lọ́wọ́ kan, òtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ kejì, ọ̀nà náà sì wà láàárín, kò sí géètì.

Iyanrìn náà ń sá lọ

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà nìkan la ní láti sọ, àmọ́ ọ̀nà tó dé ibi tí iyanrìn kò sí mọ́, ọ̀nà ibo nìyẹn?

Bar Beach ni ẹ ó fi mọ̀. Òkìtì iyanrìn tó máa ń dí ẹnu èbúté Èkó ni wọ́n ń pè ní "bar", òun ló ń dá ọkọ̀ dúró. Láàárín 1908 sí 1912, àwọn Gẹ̀ẹ́sì to òkúta ńláńlá wọnú òkun lápá méjèèjì ẹnu èbúté kí ibẹ̀ lè jìn. Ó jìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní etíkun tiwa, láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn ni ìgbì ń ru iyanrìn lọ láìsinmi, bí ẹni ń gbálẹ̀. Odi òkúta náà dá a dúró. Iyanrìn wá ń jọ sí ìwọ̀ oòrùn, níbi tí wọ́n ń pè ní Lighthouse Beach, Bar Beach tó wà ní ìlà oòrùn kò sì rí ohun tí yóò fi dí èyí tí òkun ń kó lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n kó iyanrìn wá dà síbẹ̀, òkun á tún gbé e. Àwọn tó lọ sí Bar Beach nígbà ayé rẹ̀ á rántí: àwọn aládùúrà nínú sùtánà funfun tí wọ́n kúnlẹ̀ kọjú sí omi, ẹṣin, àgbàdo sísun, àwọn ọmọ tó ń sá fún ìgbì. Nígbà tó yá, omi ń gorí Ahmadu Bello Way fúnra rẹ̀.

Ibi tí Eko Atlantic ti wá nìyẹn. Wọ́n mọ odi tí wọ́n pète pé kó gùn tó kìlómítà mẹ́jọ àtààbọ̀, wọ́n da iyanrìn sẹ́yìn rẹ̀ láti fi ṣe ìlú tuntun. Odi náà gba Victoria Island lọ́wọ́ omi, èyí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìlú tuntun náà ni Bar Beach wà báyìí, òkúta lo sì máa bá níbi tí ìgbì ń fọ́ sí, kò sí iyanrìn tí aládùúrà lè kúnlẹ̀ lé. Níwájú díẹ̀ sí ìlà oòrùn, òkun ń jẹ etíkun Òkun Àlfà, ibi tí wọ́n ń pè ní Alpha Beach, tó jẹ́ ibi fàájì tó kún fọ́fọ́ láyé ìjọsí. Ẹni tó bá ń ṣèlérí etíkun fún ará ìlú, ẹ bi í léèrè ibi tí iyanrìn náà á ti máa wá, ẹ sì bi í ta ni yóò jìyà rẹ̀ ní ìlà oòrùn.

Owó, ṣáláńgá àti ẹni tó ń ṣọ́ omi

Ṣé ó burú láti gbowó ni? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ike omi tútù, abọ́ fóòmù àti egungun sùyà tó ń ṣẹ́kù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kì í gbá ara rẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni kí wọ́n gbowó lórí ẹsẹ̀. Kí wọ́n gbowó mọ́tò tó páàkì, kí wọ́n gbowó kánópì àti àga, kí àwọn tó ń ta ọjà san owó ìsọ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn wá wo omi, kí ọ̀nà kan wà fún un láìsan kọ́bọ̀. Tarkwa Bay kò tilẹ̀ ní títì, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀ débẹ̀, owó ọkọ̀ yẹn sì ti jẹ́ géètì tirẹ̀. Omi ibẹ̀ rọ̀ torí odi òkúta èbúté ń gbà á lọ́wọ́ ìgbì, ibẹ̀ ló sì bójú mu jù fún ọmọdé. Ẹ má sì gbàgbé pé èèyàn ń gbé ibẹ̀: ní oṣù kìíní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kúrò. Etíkun tí wọ́n bá fi omijé ọmọ apẹja ṣí fún àlejò, mi ò lè pè é ní ìlọsíwájú.

Ti ìlera àti ẹ̀mí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ṣáláńgá tó mọ́, ibòji, omi ẹ̀rọ láti fi ṣan ẹsẹ̀, pákó tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà dé orí iyanrìn. Àti ẹni tó mọ omi lúwẹ̀ẹ́ tó jókòó síbi gíga tó ń wò. Òkun Èkó ní ìwà kan tó ń pa àlejò. Gbogbo omi tí ìgbì bá gbé wá sétí gbọ́dọ̀ padà. Á wá ibi tí ilẹ̀ ti jìn díẹ̀, á gba ibẹ̀ padà bí odò tó ń sáré. Ní ojú ibẹ̀, ìgbì kì í fọ́, omi á dà bí ẹni tó ń sùn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tí kò mọ òkun ń yàn pé òun á wọ̀. Tó bá mú yín, ẹ má bá a jà láti padà tààrà, ẹni tó mọ lúwẹ̀ẹ́ jù á rẹ̀. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, lọ́nà tó bá etíkun dọ́gba, títí ẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó kọjú sí ilẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ lúwẹ̀ẹ́, kó gbìyànjú láti léfòó, kó nawọ́ sókè.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ èyí. Ní 1928, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí Dókítà John Randle fowó ara rẹ̀ ṣe ní Oníkan ṣí, kí ọmọ Èkó lè kọ́ lúwẹ̀ẹ́. Ìlú tí omi yí ká, ọkùnrin kan ló fi owó àpò rẹ̀ kọ́ ọ pé kó má kú sínú omi.

Tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ kan bá wá kéde pé àwọn fẹ́ tún etíkun àdúgbò yín ṣe, ẹ má wo fọ́tò òdòdó àti àwọn aláwọ̀ funfun tó ń rẹ́rìn-ín lórí pátákó. Ẹ ní kí wọ́n mú àwòrán ètò ilẹ̀ náà jáde. Ẹ wá ibùdó bọ́ọ̀sì tó sún mọ́ ọn jù, ẹ fi ìka lé e, kí ẹ sì fi ìka náà rìn lọ sí omi bí ẹni tó gbé kúlà lọ́wọ́ tó sì mú ìyá àgbà dání. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ìka yín bá ti kan ìlà dúdú. Tó bá dé omi, ẹ yà á sí ọ̀tún, kí ẹ máa gbé e lọ, kí ẹ wò bóyá okùn ẹnikẹ́ni máa dá a dúró.